Ísọ̀ Kọ́ Ló Sọ Jékọ́bù Lórúkọ

Bí ẹ bá pe Yàkúbù ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó máa dáhùn kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹlẹ́ran súyà á bojú wẹ̀yìn, ọlọ́kadà á tẹ bíréèkì, bàbá tó ń fa tẹ̀sùbáà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí á gbójú sókè. Orúkọ náà kò ti ẹnì kankan nínú wọn lójú. Nínú ìlú kan náà, tí míṣọ́nnárì Bowen ti gbé ìwàásù Onítẹ̀bọmi dé ní 1855, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan pé Jékọ́bù, tí í ṣe Yàkúbù náà, túmọ̀ sí ẹlẹ́tàn, kí ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀, torí orúkọ a máa ro ọmọ. Èmi ò gbà.

Ẹnu Ísọ̀, ìbejì Jékọ́bù, ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ní Jẹ́nẹ́sísì orí 27. Wọ́n ti gba ìbùkún mọ́ ọn lọ́wọ́, inú ń bí i, ó wá ń fi orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀ bú u. Ta ló ń bi ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ léèrè ìtumọ̀ orúkọ ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ? Orí 25 ni wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ: ọwọ́ rẹ̀ di gìgísẹ̀ èkejì rẹ̀ mú nígbà tó ń bọ̀, ohun tí àwọn Hébérù sì ń pe gìgísẹ̀ jọ orúkọ náà. Àmútọ̀runwá ni. Àwa tí à ń sọ ọmọ tó mú ẹsẹ̀ wáyé ní Ìgè, tí à ń sọ èyí tó dojú bolẹ̀ ní Àjàyí, ló yẹ kó tètè yé. (Ká ní ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Rèbékà ìyá wọn ni, ìjà ta lẹ̀gbọ́n ì bá má wáyé rárá: Kẹ́yìndé ni Jékọ́bù.)

Àwọn tó ń jẹ́ irú orúkọ yìí sì wà lẹ́yìn odi Ísírẹ́lì. Ó lé ní 1,500 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù tí ọba kan jẹ ní Íjíbítì, láti ìran àwọn àtìpó ìhà Éṣíà, tó ń jẹ́ Yaqub-Har. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára òkúta òǹtẹ̀ kéékèèké tí wọ́n hú jáde. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ní àdúrà ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀, pé kí ọlọ́run tí wọ́n dárúkọ dáàbò bo ọmọ.

Wọ́n á ní ṣebí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló yí orúkọ Jékọ́bù padà sí Ísírẹ́lì. Ábúrámù ni orúkọ rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Láti ọjọ́ tó ti di Ábúráhámù, Ọlọ́run kò pè é ní Ábúrámù mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ísírẹ́lì darúgbó, tó ń kó lọ sí Íjíbítì, Jékọ́bù ni Ọlọ́run pè é lóru, lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ pé ti Mùsùlùmí nìkan ni Yàkúbù. Orúkọ kan náà ni, èdè Lárúbáwá ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Hausa. Ọmọ ajíhìnrere ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon. Nínú Kùránì, kò sí ìtàn gìgísẹ̀ yẹn. Wòlíì tó sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn tó ń sá fún Jékọ́bù kì í sá fún James. Jékọ́bù náà ni, ẹnu àwọn tó ń sọ Látìn ló ti yí kó tó dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó ṣí ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní James nínú Bíbélì Yorùbá, kó ka orúkọ tó wà lókè rẹ̀.