Láti Orí Ẹwìrì dé Róbọ́ọ̀tì Alábàáṣiṣẹ́: Ìtàn Iṣẹ́ Jórinjórin

Kí ojú ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin tó rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀fà, etí rẹ̀ á ti gbọ́ ìró irin. Ẹnìkan ń na ìlẹ̀kùn ọkọ̀ tó wọ́, ẹlòmíì ń gé páìpù, iná kan sì ń kọ mọ̀nà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì. Ọmọdé tó bá tẹjú mọ́ iná yẹn, wọ́n á jágbe mọ́ ọn kó gbójú kúrò, nítorí pé ẹni tó bá wò ó ní ọ̀sán, tó bá di òru, bíi pé wọ́n da yanrìn sí i lójú ni. Àwọn kan ń pe oníṣẹ́ yìí ní wẹ́dà. Jórinjórin tí àwa ń pè é péye jù ú lọ: irin ló ń jó, títí ẹnu méjì á fi yọ́, tí wọ́n á di ọ̀kan.

Alágbẹ̀dẹ ti ń so irin pọ̀ tipẹ́ kí iná mànàmáná tó dé, àmọ́ kì í yọ́ ọ. Èédú àti ẹwìrì ni agbára rẹ̀. Yóò ki ẹnu irin méjèèjì bọná títí wọ́n á fi pọ́n, tí pípọ́n á di funfun, yóò gbé ọ̀kan lé èkejì lórí owú, yóò sì fi ọmọ owú lù wọ́n kíákíá kí wọ́n tó tutù. Ooru àti ìlù ló ń mú wọn gbá ara wọn mọ́ra. Irin náà pàápàá, láti inú ilẹ̀ wa ni. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ ìròyìn lórí iléru tí wọ́n ti ń yọ́ òkúta di irin ní abúlé Ọlá-Ìgbì nítòsí Ọ̀yọ́. Irin tó ń bá ọkọ̀ òkun wọlé ló pa irú iléru bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní tirẹ̀ kò kógbá wọlé, irin òkèèrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Ní Yúróòpù, ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Nikolay Benardos, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló kọ́kọ́ fi iná mànàmáná jó irin pọ̀ ní 1881. Ọ̀pá kábọ̀nù ló fi ń fa iná náà. Ní 1888, Nikolay Slavyanov fi ọ̀pá irin dípò kábọ̀nù, èyí tó jẹ́ pé ọ̀pá tó ń gbé iná náà ló tún ń yọ́ láti dí àlàfo. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ń ba ojú ibi tí wọ́n jó jẹ́, ó ń mú kó gbó, kó sì máa fọ́. Oscar Kjellberg ti ilẹ̀ Swídìn, tó dá iléeṣẹ́ ESAB sílẹ̀ ní 1904, ló wá ojútùú: ó fi èròjà kan bo ọ̀pá náà lára. Bí èròjà yìí bá ń jó, èéfín rẹ̀ a máa lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, ìyókù rẹ̀ a sì gan sórí irin bí èèpá. Èèpá yẹn ni ọmọ iṣẹ́ ń fi òòlù kékeré gbọ̀n kúrò lónìí. Ìdàrọ́ ni, bíi ti inú iléru ayé àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣẹ́ tó ń gbá a dànù kò rántí pé orúkọ àgbà ló ń jẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ti gáàsì. Edmond Fouché àti Charles Picard ti ilẹ̀ Faransé ṣe ẹnu iná tó ń po gáàsì asẹtilíìnì mọ́ ọ́síjìn ní 1903. Kábáàdì tí wọ́n bu omi sí ló ń bí asẹtilíìnì, òórùn rẹ̀ sì jọ ti áyù. Ẹni tó bá rìn gba ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Nàìjíríà mọ òórùn yẹn, ó sì yẹ kó mọ̀ pé àgbá tó ń bí i lè bú gbàmù bí wọ́n bá fi ṣeré.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin ní 1908, àmọ́ mọ́tò ló gbé jórinjórin dé gbogbo gáréèjì. Nígbà bolekájà, káfíńtà ló ń kan ilé sórí ẹsẹ̀ lọ́rì tí wọ́n kó wá láti òkèèrè. Pákó ni ara ọkọ̀, ìṣó ló sì so ó pọ̀. Nígbà tó di àsìkò mólúè, tí wọ́n ń kọ́ ilé ọkọ̀ sórí ẹsẹ̀ Mercedes 911, irin ti gba ipò pákó, jórinjórin sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu káfíńtà. Àga, ìlẹ̀kùn, àtẹ̀gùn, igi ìdìmú: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ọwọ́ jó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó o gan-an, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ wa fi ọwọ́ wé wáyà rẹ̀. Mo ka èyí sí iṣẹ́ ọgbọ́n tí ìwé kò tíì yìn tó.

Ìgbà yẹn náà ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá lókè òkun ń gba iná kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. Unimate, róbọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tó wọ iléeṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní General Motors ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní 1961. George Devol ló ronú kàn án, Joseph Engelberger ló tà á. Nígbà tó fi máa di 1969, odidi ọ̀wọ́ rẹ̀ ló ń jó ara ọkọ̀ pọ̀ ní Lordstown, ìpínlẹ̀ Ohio. Nílẹ̀ tiwa, ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen ń to tirẹ̀ ní Èkó. Róbọ́ọ̀tì òkè òkun ìgbà náà lágbára, àmọ́ kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní 1979, apá róbọ́ọ̀tì kan pa Robert Williams ní iléeṣẹ́ Ford ní ìpínlẹ̀ Michigan. Òun ni a mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tí róbọ́ọ̀tì pa. Inú àgò irin ni wọ́n ń sé róbọ́ọ̀tì mọ́ bí ẹranko, ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ á sì dúró síta.

Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀gá yẹn padà wọlé ní láti tún róbọ́ọ̀tì rò. Ní 1996, Edward Colgate àti Michael Peshkin ní Yunifásítì Northwestern, Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní kóbọ́ọ̀tì, ìyẹn róbọ́ọ̀tì alábàáṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò lè gbé ara rẹ̀ rìn. Òṣìṣẹ́ ló ń tì í, tirẹ̀ ni kó máa tọ́ ọwọ́ sọ́nà. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta dá iléeṣẹ́ Universal Robots sílẹ̀ ní ìlú Odense, Dẹ́ńmáàkì, ní 2005. Ní 2008 ni iléeṣẹ́ Linatex ra apá róbọ́ọ̀tì wọn àkọ́kọ́, UR5, ó sì lò ó láìsí àgò. Apá yìí wúwo tó kílò 18, ó lè gbé kílò 5, ọwọ́ rẹ̀ sì nà tó sẹ̀ǹtímítà 85. Tó bá kan ènìyàn, á mọ̀ ọ́n lára, á sì dúró. Ní 2016, ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà iṣẹ́ kalẹ̀ fún àgbáyé, gbé ìwé kan jáde, ISO/TS 15066, tó sọ bí irú apá bẹ́ẹ̀ ṣe lè le tó lára ènìyàn.

Nígbà tí wọ́n so ẹnu iná mọ́ apá yìí ni ọ̀rọ̀ dùn. Ọ̀gá jórinjórin kò ní láti mọ èdè kọ̀ǹpútà. Yóò di apá náà mú, yóò gbé e dé ibi tí ojú jíjó ti bẹ̀rẹ̀, yóò tẹ bọ́tìnnì. Yóò tún gbé e dé ibi tó parí sí, yóò tẹ òmíràn. Ó kù kó sọ bí iná á ṣe le tó àti bí ọwọ́ á ṣe yá tó. Bí ọ̀gá ṣe ń di ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ mú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, àfi pé ọmọ iṣẹ́ yìí kì í gbàgbé, kì í sì í gbọ̀n. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé 'alábàáṣiṣẹ́' túmọ̀ sí ká dúró tì í nígbà tó ń jó. Apá ló rọ̀. Iná ń fọ́jú síbẹ̀, èéfín ń pa ẹ̀dọ̀fóró, irin sì ń gbóná.

Ohun tó mú Amẹ́ríkà nífẹ̀ẹ́ kóbọ́ọ̀tì ni pé àwọn àgbà oníṣẹ́ ń fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ́ kò sì tó láti rọ́pò wọn. Tiwa kọ́ nìyẹn. Ọwọ́ pọ̀, iná ló wọ́n. Síbẹ̀, apá UR5 kì í sábà jẹ ju 150 wáàtì lọ. Ẹ̀rọ ìjórin tó so mọ́ ọn ló ń jẹ iná gan-an. Mi ò rò pé iná ni ìṣòro tó tóbi jù ní Ọ̀fà Garage. Kóbọ́ọ̀tì lásán kò ríran: ibi tí wọ́n fi irin àkọ́kọ́ sí ló máa wá ìkejì sí, tó bá yẹ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ ló máa jó. Sàlẹ́ńsà tó já lábẹ́ ọkọ̀ kan kò bá ti ọkọ̀ kejì mu, ọwọ́ àti ojú ènìyàn ló yẹ ẹ́. Ibi tí iṣẹ́ kan náà bá ti ń pọ̀ ni ti kóbọ́ọ̀tì: àga ọkọ̀, fèrèsé onírin, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìrin-gààrí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà: ní Ìdófíàn lẹ́bàá Ìlọrin ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ NCAM ti ń ṣe ìwádìí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí àwọn jórinjórin ń kàn.

Oníṣẹ́ tó gba iṣẹ́ fèrèsé mẹ́wàá á kọ́kọ́ jó irin kéékèèké mẹ́rin mọ́ orí tábìlì rẹ̀, kí ìkẹwàá lè bá àkọ́kọ́ mu rẹ́gí. Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni nǹkan àkọ́kọ́ tí kóbọ́ọ̀tì máa ń béèrè.