Ọgbọ́n Ọdúnnìí, Wèrè Ẹ̀míì

"Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì," làwọn àgbà wí. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń fi àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, pé ayé ti lu tirẹ̀ pa. Bẹ́ẹ̀ òwe náà gbà pé ọgbọ́n ni. Ó kàn ní ọjọ́ á gorí rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò.

Láyé Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, etí lọ̀gá fi ń mọ àìsàn ọkọ̀. Ọmọ iṣẹ́ á di tọ́ọ̀ṣì mú, á máa wo bí ọ̀gá ṣe ń tú kábúrétọ̀, tó ń fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀ títí ìdọ̀tí á fi jáde. Tó bá pẹ́ títí, ó gba fíríìdọ̀mù. Ṣùgbọ́n láti orí ọkọ̀ 1996 ni Amẹ́ríkà ti kàn án nípá pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ojúhò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò ti lè ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí. Àwọn ọkọ̀ yẹn ló di tòkunbọ̀ lọ́wọ́ wa. Kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo fún wọn, kì í ṣe kábúrétọ̀.

Ká ní ẹ̀rọ ayẹ̀wò kọ P0171. Afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Kí ló fà á? Ẹ̀rọ ò sọ. Rọ́bà kan lè ti ya, kó máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ lè ti dọ̀tí. Pọ́ǹpù epo sì lè ti rẹ̀. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ tẹ̀ tí kò mọ ẹ́ńjìnnì á ní kó o lọ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun; owó á lọ, iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì á tún tàn. Ẹni tó ní etí àtijọ́ á gbọ́ rọ́bà tó ń súfèé. Àmọ́ òun náà gbọ́dọ̀ lè ka ohun tí ẹ̀rọ kọ, kó sì mọ ọ̀nà tí iná ń gbà nínú wáyà.

Jámánì tètè rí èyí. Ní 2003, wọ́n pa iṣẹ́ mẹkáníìkì àti ti rìwáyà pọ̀ di ẹyọ kan, ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, nílé ẹ̀kọ́ àti lọ́dọ̀ ọ̀gá. Níbí, mẹkáníìkì ṣì ń ránṣẹ́ pe rìwáyà. Ọ̀kan á ní ẹ́ńjìnnì ni, èkejì á ní wáyà ni, ọlọ́kọ̀ á sì sanwó fún méjèèjì.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ iṣẹ́ yín tó gba fíríìdọ̀mù, ẹ jẹ́ kó lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ rìwáyà.