Wolé-wolé, Tanwíjí àti Àwọn Dókítà tí Ìjọba Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tì Sẹ́yìn



Ọ̀rọ̀ “jápa” ló gbé wa dé ìdí ìtàn yìí. Ibà dá ọ̀kan nínú wa dùbúlẹ̀ ní sáà tó kọjá. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń sáré kiri láàárín èrò. Wọ́n ní àwọn tó kù ti lọ sí Ìlú Ọba. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn: ṣé ayé òde òní ni òṣìṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá sílẹ̀ ni? Rárá o. Èkó ti rí irú rẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn, kì í sì í ṣe ọkọ̀ òfurufú ló kó wọn lọ.

Ní 1897, Ronald Ross rí i ní Íńdíà pé kòkòrò tó ń fa ibà máa ń dàgbà nínú ẹ̀fọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, William MacGregor dé Èkó gẹ́gẹ́ bíi gómìnà. Dókítà ni òun fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbẹ omi inú àbàtà, kí wọ́n sì máa pín oògùn kuiníìnì fún ará ìlú. Ọ̀pọ̀ Òyìnbó onímọ̀ nígbà náà ló ń dámọ̀ràn pé kí àwọn aláwọ̀ funfun kó lọ sí àdúgbò tiwọn, kí ẹ̀fọn má baà gbé ibà láti ara ọmọ onílẹ̀ wá bá wọn. MacGregor kò gbà. Ní 1901, àwọn obìnrin ọ̀làjú ìlú dá ẹgbẹ́ Lagos Ladies’ League sílẹ̀, wọ́n ń pín kuiníìnì, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ ní ìmọ́tótó. Charlotte Obasa, ọmọ olówó nì R. B. Blaize, wà lára wọn.

Èkó kò sì ṣaláìní dókítà tirẹ̀. Obadiah Johnson ti wọ iṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ láti 1889. (Òun kan náà ni àbúrò Samuel Johnson, tó tún ìwé ìtàn Yorùbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tò lẹ́yìn tí èyí àkọ́kọ́ sọnù, àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá jẹ ẹ́ ní gbèsè lọ́nà méjì.) Oguntola Sapara, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Iléṣà, wọlé ní 1896. Orisadipe Obasa, ọkọ Charlotte, tẹ̀ lé e ní 1900. Wọ́n gbọ́ Yorùbá. Aláìsàn tó bá ní “ara mi ń gbóná, ẹnu mi korò” kò nílò ògbufọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ní 1902, nígbà tí MacGregor ṣì wà lórí oyè, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ ìṣègùn àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ di ọ̀kan. West African Medical Service ni wọ́n pè é. Ìlànà rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yúróòpù nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Àwọn dókítà dúdú bọ́ sínú ìwé ọ̀tọ̀: owó oṣù wọn kéré, ipò wọn rẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé Òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi di ọ̀gá fún ẹni tó ti ń wo ibà fún ọdún gbọọrọ.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ti lé John Randle kúrò nídìí iṣẹ́ ìjọba ṣáájú ìgbà yẹn. Obasa náà fi í sílẹ̀ ní 1904. Ní 1908, àwọn méjèèjì dá ẹgbẹ́ People’s Union sílẹ̀ láti bá ìjọba fà á. Sapara ní tirẹ̀ dúró. Ó lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, títí di 1928, lábẹ́ àwọn tí kò jù ú lọ. A ti jiyàn lórí èyí títí: ṣé ìfaradà Sapara ni ká yìn ni, àbí ìbínú Obasa? Ẹnu wa kò tíì kò. A kò sọ pé dókítà mẹ́rin ì bá lé ibà kúrò ní Èkó, ṣùgbọ́n ta ni ọmọdé ìgbà náà ì bá wò kó tó rán ara rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà?

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ wa jù ni ti àwọn wolé-wolé. Ladipo Oluwole, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Oluwole, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá ètò ìlera ìlú ní Èkó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé níṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe dókítà. Ìkòkò omi ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá rí tanwíjí nínú rẹ̀, wọ́n á dà á nù, onílé á sì sanwó ìtanràn. Ẹ wo bí èdè wa ṣe ní orúkọ fún ọmọ ẹ̀fọn kí Ross tó dé ìdí ọ̀rọ̀!

Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí wọ́n ṣí ní Yábàá ní 1930 kò sàn ju ìlànà 1902 lọ púpọ̀: igbákejì dókítà ló ń kọ́, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò sì níyì lókè òkun. Ó di 1948, tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dókítà tó pójú owó nílé.

Lónìí, nínú ènìyàn mẹ́rin tí ibà ń mú lágbàáyé, ó tó nǹkan bí ẹyọ kan tó wà ní Nàìjíríà. Ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa ṣì rántí bí wọ́n ṣe máa ń sáré ti ìkòkò sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ẹnikẹ́ni bá ti kígbe “wolé-wolé ń bọ̀!” A bi wọ́n léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n rí wolé-wolé gbẹ̀yìn. Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n wo ike omi tó wà lẹ́bàá wọn, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, wọn ò tíì bí màmá yín.”