Àṣẹ Tí Kò Ní Ọlọ́pàá: Lórí Agbára Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń kẹ́yìn nínú ìjọba Amẹ́ríkà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó wà ní Washington ni wọn yóò dárúkọ. Adájọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn wọ́n, wọ́n sì lè wà lórí ipò títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Síbẹ̀, wọ́n lè fagi lé òfin tí ilé aṣòfin méjèèjì ṣe, tí ààrẹ sì buwọ́ lù. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé àwọn adájọ́ náà kò lè fi ọwọ́ ara wọn mú agbára yìí ṣẹ. Ìgbà tí ẹlòmíràn tó ní owó tàbí ọmọ-ogun níkàáwọ́ bá rí ìdí láti dúró ti ìdájọ́ wọn ni ìdájọ́ náà ń di àṣẹ.

Ohun tí ìwé òfin sọ àti ibi tó dákẹ́ sí

Ìwé òfin tí wọ́n kọ ní Philadelphia lọ́dún 1787 pín iṣẹ́ ìjọba sí ọ̀nà mẹ́ta. Abala kìíní, èyí tó gùn jù, jẹ́ ti aṣòfin. Ìkejì jẹ́ ti ààrẹ. Ìkẹta, tó kúrú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, jẹ́ ti ilé-ẹjọ́. Àwọn tó kọ ọ́ kò fẹ́ kí ẹ̀ka kan lè dá nǹkan ṣe láìwo ojú èkejì. Ààrẹ lè kọ̀ láti buwọ́ lu òfin, ṣùgbọ́n bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì bá ta kú, òfin náà yóò dúró. Ààrẹ ló ń dárúkọ adájọ́, ilé aṣòfin àgbà ló ń fọwọ́ sí i. Aṣòfin ló ń pinnu owó tí ààrẹ yóò ná. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ìwé náà ti sọ ní tààrà pé ilé-ẹjọ́ lè fagi lé òfin. Alexander Hamilton gbà pé iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn, nígbà tó ń rọ àwọn ará New York lọ́dún 1788 pé kí wọ́n tẹ́wọ́ gba ìwé òfin náà. Òun kan náà ló sì ṣàlàyé pé ilé-ẹjọ́ ni kò lágbára tó àwọn yòókù, nítorí kò di idà mú, bẹ́ẹ̀ ni kò di àpò owó mú.

Ẹjọ́ tí kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni

Ní oṣù kẹta ọdún 1801, nígbà tí ìjọba John Adams ku wákàtí díẹ̀ kó kógbá sílé, wọ́n ń ṣe lẹ́tà ìyànsípò fún àwọn adájọ́ kéékèèké ní agbègbè Washington. John Marshall ni mínísítà tó ń fi èdìdì lu àwọn lẹ́tà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti di adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè náà lákòókò yẹn. Ilẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé gbogbo lẹ́tà dé ọwọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ààrẹ tuntun, Thomas Jefferson, tó wá láti ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, ní kí wọ́n má fi èyí tó kù ránṣẹ́ mọ́. William Marbury, tí kò rí tirẹ̀ gbà, bá gba Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ lọ, níbi tí Marshall kan náà ti jẹ́ olórí.

Ọ̀rọ̀ náà há Marshall lọ́fun. Bó bá pàṣẹ pé kí James Madison, mínísítà tuntun, gbé lẹ́tà náà sílẹ̀, Jefferson lè kọtí ikún, ilé-ẹjọ́ yóò sì tẹ́. Bó bá dá Marbury padà lásán, wọn á ní ẹ̀rù ló bà á. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1803, ó dájọ́ pé Marbury lẹ́tọ̀ọ́ sí lẹ́tà rẹ̀, ìjọba kò sì ṣe dáadáa. Àmọ́ abala 13 nínú òfin ọdún 1789 tí Marbury gbójú lé ti fún ilé-ẹjọ́ ní iṣẹ́ tí ìwé òfin kò fún un, nítorí náà abala náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Madison kò rí àṣẹ kankan tó lè kọ̀. Inú ìdájọ́ tí kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ni ilé-ẹjọ́ náà ti gba agbára rẹ̀ tó tóbi jù. Ọdún 1857 ló tó tún fagi lé òfin mìíràn tí aṣòfin àpapọ̀ ṣe, nínú ẹjọ́ Dred Scott, ẹrú tó ń wá òmìnira.

Nígbà tí kò sí alátìlẹ́yìn, àti nígbà tó wà

Marshall kò rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ta lọ́dún 1832. Ìpínlẹ̀ Georgia ti ju míṣọ́nnárì Samuel Worcester sẹ́wọ̀n nítorí pé ó ń gbé lórí ilẹ̀ àwọn Cherokee, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, láìgba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní òfin Georgia kò lágbára lórí ilẹ̀ náà. Georgia kò dá a lóhùn. Ààrẹ Andrew Jackson kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé òkú ni wọ́n bí ìdájọ́ ọ̀hún. Oṣù kìíní ọdún 1833 ni Worcester jáde, ìdáríjì gómìnà ló sì mú un jáde. Ní 1838, ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ lé àwọn Cherokee kúrò lórí ilẹ̀ wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Little Rock. Ọdún 1954 ni ilé-ẹjọ́ dájọ́ pé kò bófin mu láti ya ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ aláwọ̀ funfun nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, Elizabeth Eckford, ọmọ ọdún 15, dá nìkan rìn lọ sí Central High School, nítorí pé ilé wọn kò ní tẹlifóònù tí wọn ìbá fi sọ fún un pé àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ yóò jọ wá. Àwọn sójà ìpínlẹ̀ tí gómìnà Orval Faubus kó síbẹ̀ dí i lọ́nà. Ó padà sẹ́yìn láàárín èrò tó ń pariwo èébú lé e lórí, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀. Ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ohun tó mú ọmọ náà wọ kíláàsì ni àwọn ọmọ-ogun tí ààrẹ Dwight Eisenhower rán lọ ní ọjọ́ 24 oṣù náà. Nínú ọ̀rọ̀ tó bá aráàlú sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó mẹ́nu bà á pé àwọn ọ̀tá Amẹ́ríkà ń fi ọ̀rọ̀ Little Rock ba orílẹ̀-èdè náà lórúkọ jẹ́. Ààrẹ rí ìdí tirẹ̀ láti dúró ti ilé-ẹjọ́. Jackson kò rí i.

Ẹjọ́ tó tan ìmọ́lẹ̀ jù sí ọ̀rọ̀ yìí ni ti iléeṣẹ́ irin. Ní oṣù kẹrin ọdún 1952, ogun Korea ń lọ lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ irin sì fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ààrẹ Harry Truman gba àwọn iléeṣẹ́ náà sábẹ́ ìjọba. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án sọ pé ààrẹ kò lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀. Truman àti Franklin Roosevelt tó ṣáájú rẹ̀ ló sì yan gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ọjọ́ náà gan-an ni Truman dá àwọn iléeṣẹ́ náà padà fún àwọn tó ni wọ́n. Àlàyé adájọ́ Robert Jackson ni àwọn amòfin ń tọ́ka sí jù títí di òní: agbára ààrẹ ga jù nígbà tó bá ń bá aṣòfin rìn, ó sì rẹlẹ̀ jù nígbà tó bá ń ta kò wọ́n. Àwọn aṣòfin ti kọ̀ lọ́dún 1947 láti fún ààrẹ ní irú agbára yẹn. Èrò mi ni pé ohun tí adájọ́ Jackson sọ nípa ààrẹ bá ilé-ẹjọ́ náà mu. Ohùn ilé-ẹjọ́ ròkè lọ́dún 1952 nítorí pé ẹ̀yìn aṣòfin ló dúró sí.

Àtakò kan

Ẹnì kan lè sọ pé ìwà ìbọ̀wọ̀fófin nìkan tó láti ṣàlàyé ìgbọràn, kí ó sì tọ́ka sí ààrẹ Richard Nixon. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1974, adájọ́ mẹ́jọ fẹnu kò pé kó gbé àwọn téèpù tó gba ohùn inú ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn, òun ló yàn wọ́n. Kò sí sójà tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì gbé wọn sílẹ̀. Mo gbà pé àṣà ìgbọràn ń lágbára sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ìdájọ́ náà, ìgbìmọ̀ aṣòfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò lórí ẹ̀sùn tí wọ́n fẹ́ fi yọ Nixon nípò. Ká ní ó ṣorí kunkun ni, ẹ̀sùn mìíràn ni ìbá fi kún èyí tó wà nílẹ̀. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ.

Ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ya ìwé náà lò

Nàìjíríà tọ ipa Amẹ́ríkà nígbà tó gba ìjọba ààrẹ wọlé nínú ìwé òfin ọdún 1979 àti ti 1999. Ibi tí Amẹ́ríkà dákẹ́ sí, tiwa sọ̀rọ̀ níbẹ̀: abala kìíní ìwé òfin 1999 ní òfin yòówù tó bá ta kò ó, asán ni. Síbẹ̀, nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá dájọ́ lọ́dún 2004 pé ààrẹ kò lágbára láti dá owó tó tọ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró, ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kò tú owó náà sílẹ̀ tán. Ọdún 2007, nígbà tí Umaru Yar'Adua gorí àlééfà, ni ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Kíkọ tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kò ṣẹ́ apá ààrẹ tí aṣòfin kò dá lẹ́kun.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìwé òfin ṣe ń ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró sórí ìdájọ́ nìkan; kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó sì béèrè ẹni tó dúró ti olùpẹ̀jọ́. Àwọn oníléeṣẹ́ irin ní aṣòfin lẹ́yìn wọn. Àwọn Cherokee kò ní ìbò, kò sí aṣòfin tó ń bẹ̀rù wọn, ààrẹ sì fẹ́ ilẹ̀ wọn. Ìwé kan náà ló dáàbò bo àwọn ti ìṣáájú, tí kò sì gba àwọn ti ìkẹyìn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló jàre nílé-ẹjọ́.