Férémù àtijọ́: ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Nínú pálọ̀ àwọn àgbà n'Ísàlẹ̀ Èkó, fọ́tò bàbá àgbà nínú férémù onígi kì í wọ́n. Ọdún 1895 ni George Da Costa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò yíyà l'Ékòó.

Bẹ́ ẹ bá ń wá irú férémù bẹ́ẹ̀ sí ilé yín n'Ìkòyí, ẹ yí i padà. Bí ìyẹ̀fun igi bá ń dà nínú ihò wẹ́wẹ́, kòkòrò ṣì ń jẹ ẹ́, ó sì lè ran àga yín. Igun tó ń mì ò le, káfíńtà á fi gúlù dè é. Èyí tí wọ́n fi wúrà kùn ni kẹ́ ẹ má fi omi nù o. Ẹfun ló sábà máa ń wà lábẹ́ wúrà náà, á ṣí. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ti tó.

Ọ̀sà ò jìnnà s'Íkòyí, ọ̀rinrin ibẹ̀ pọ̀. Bí fọ́tò bá fara kan gíláàsì, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi páálí tuntun sáàárín wọn. Èyí tó bá ti lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fipá ṣí i, kẹ́ ẹ má bàa bó ojú bàbá yín dànù. Ẹ fi fóònù yà á bó ṣe wà ná.