Ewéko tó Ń Kó Májèlé Pamọ́

Mo dúró ní Adéníji Adélé, mo ń wo ọ̀sà. Ewéko kan bo ojú omi bí ẹní. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú oró ni. Rárá o, water hyacinth ni.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní 1984, ó gba apá Àjàṣẹ́ wọ omi Àgbádárìgì, ó sì tàn dé Èkó. Nígbà tí wọ́n fi parí Third Mainland Bridge ní 1990, ó ti wà lórí ọ̀sà. Àwọn apẹja kórìíra rẹ̀, torí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ wọn.

Àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ń fa òjé àti cadmium láti inú omi ẹlẹ́gbin. Báwo ni kò ṣe tètè kú? Ó ń ṣe èròjà kan tó ń di májèlé náà mú, á wá tì í mọ́ àpò kéékèèké nínú gbòǹgbò, kí púpọ̀ má bàa dé ewé.

Ṣùgbọ́n tí omi iyọ̀ bá wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewéko náà á kú, á jẹrà, májèlé tó kó pamọ́ á sì padà sínú omi tí a ti ń pẹja. Nítorí náà, kíkó o kúrò kí ó tó jẹrà ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́, kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.