Ìpáàrà Lára Ìbọn Ayé Kírìjì

Ọdún 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ìró ìbọn ló fún ogun náà lórúkọ. Ṣakabùlà tí a ń ki láti ẹnu pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó sì tún fi ìbọn tí a ń ki láti ìdí, irú Snider, ránṣẹ́ sílé.

Ìbọn àtijọ́ ṣì wà nínú àwọn ilé ìdílé kan àti ní ojúbọ Ògún. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni púpọ̀ nínú ìbọn òwò ti wá. Àmì tí àwọn tó dán ìbọn wò tẹ̀ sára irin la fi ń mọ̀ ọ́n: lẹ́tà ELG nínú òbìrí tó gùn bí ẹyin, ti Liège nìyẹn. Bí ìpáàrà bá jẹ àmì yìí tán, ẹlẹ́rìí ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Kí ló ń fà á? Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń mú irin dógùn-ún. Iyọ̀ inú òógùn ọwọ́ a sì mú un yá. Eérú ẹ̀tù dúdú tó bá ṣẹ́kù nínú ìbọn a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Ìbọn tí wọ́n yìn tí wọn ò fọ̀, inú ló ti ń jẹ bọ̀ síta.

Ẹnì kan lè ní: Ṣebí a ń ta epo sí Ògún, ṣé ìyẹn ò tó ni? Lóòótọ́, epo ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Wales ń ri irin pẹlẹbẹ bọ epo pupa tó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá, kó má baà dógùn-ún kí wọ́n tó fi tánganran bò ó. Ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ ni ti wọn. Epo tó bá pẹ́ a máa kan, kíkan náà a sì máa jẹ irin. Ètùtù ọ̀tọ̀, ìpamọ́ ọ̀tọ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe rèé. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó mọ ìbọn ni kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, bó bá gbẹ, ó ṣì lè pa ènìyàn. Ẹ má gbé e súnmọ́ iná. Ẹ má fi yanrìn tàbí sánpépà ha á, kí àmì rẹ̀ má baà pa rẹ́. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ fi epo ẹ̀rọ díẹ̀ pa irin rẹ̀. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé a tún máa lo ìda. Ẹ má wé e sínú awọ tàbí aṣọ, torí wọ́n ń pa omi mọ́. Ibi gbígbẹ ni kó wà, kí ẹ sì máa wò ó látìgbàdégbà, pàápàá lásìkò òjò.

Àwa tí à ń pe Ifá ní Ẹlẹ́rìí Ìpín, a mọ iyì ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin olórí ìdílé, ẹ kọ àmì tí ẹ bá rí lára ìbọn sílẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó gbé e lọ sógun, kí wọ́n tó gbàgbé.